Awọ Tí Kò Jinná

Ìdì, àárín oṣù Sẹ́tẹ́ńbà

Kresko, balógun ọ̀rún, fúnra rẹ̀ ló wá sí ṣọ́ọ̀bù bàtà wa lónìí. Kì í wá. Ìránṣẹ́ ló máa ń rán, ìránṣẹ́ náà á sì máa fọwọ́ kan gbogbo nǹkan bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ni. Nígbà tí mo rí i tó tẹrí ba kí orí rẹ̀ má baà gbá àtẹ́rígbà, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé Vassu ọmọ mi ti ṣe nǹkan nínú odi àwọn ọmọ ogun. Kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn wà lára àwọn ọgọ́rin ọmọ ogun tó ń lọ sí àríwá ni.

"Ìyá Vassu, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ wọ bàtà tuntun," ni Kresko wí. "Ọjọ́ tí Ọ́kítóbà bá wọlé la ó gbéra."

Messor ọkọ mi ti ní kò burú kí n tó ya ẹnu. Bó ṣe rí nìyẹn látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ogun. Bí ọ̀gá kan bá ti gbó mọ́ ọn, á dìde dúró ṣánṣán, orúnkún tó ń dùn ún á gbàgbé pé òun ń dùn. Èmi ni mo bi balógun pé awọ dà. Ó ní kẹ̀kẹ́ ẹrù ń bọ̀ láti gúúsù. Mo ní kẹ̀kẹ́ yẹn ti ń bọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kórè bálì. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí a lọ gba ti Kinna tó ń ṣe awọ létí odò.

Lóòótọ́ awọ wà nínú kòtò Kinna. Ìgbà tí àgùntàn ń bímọ ló kó o sínú rẹ̀. Ọmọdé ẹ̀yìn odi yìí pàápàá mọ̀ pé awọ tí a ó fi ṣe ìsàlẹ̀ bàtà kì í jáde nínú èèpo igi óákù kí ìgbà òtútù méjì tó kọjá lórí rẹ̀.

Ọjọ́ kejì rẹ̀

Mo lọ bá Kinna létí odò. Òórùn ibẹ̀ ti ń kí ènìyàn kí Kinna fúnra rẹ̀ tó kí i. Ó wà nínú kòtò dé itan, apá rẹ̀ pọ́n dé ìgúnpá.

"Ìyá Vassu, ẹ káàárọ̀ o! Ẹ wá wo ọkọ yín kejì ni?"

"Ọkọ tó ń rùn tó báyìí, ajá ni kó lọ fẹ́. Awọ ńkọ́?"

"Ó ti jinná."

"Ta ló sè é?"

"Èmi ni. Omi gbígbóná ni mo ń dà sí i. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà ni mo ń pààrọ̀ èèpo. Àrà tuntun tí àwọn ará gúúsù ń dá nìyẹn, ẹ ò tíì gbọ́ ni?"

Mo ní bàbá rẹ̀ kò dá irú àrà bẹ́ẹ̀. Mo ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

"Bàbá mi kò rí balógun Kresko sójú," ni Kinna dá mi lóhùn, ó sì fa etí awọ kan sókè fún mi. "Ẹ fọwọ́ pa á wò. Ẹ má fi ẹnu pa á."

Mo fọwọ́ pa á. Ojú awọ náà dára, ó pọ́n bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Mo fẹ́ gbà á gbọ́, mo sì gbà á gbọ́ dé ìdajì ọ̀nà ilé.

Ọjọ́ ọjà

Òjò. Owó tó ń ra àpò ìṣó kan lóṣù tó kọjá, ìdajì àpò ló ń rà báyìí. Alágbẹ̀dẹ ní àwọn ará òkè àríwá ló ń kó o lọ wìtìwìtì. Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ìṣó ṣe, àwọn tí kì í wọ bàtà oníṣòó. Ó ní òun kì í bi owó níbi tó ti ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò bá mi lára mu.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí Ọ́kítóbà wọlé

Wọ́n gbé awọ dé. Messor tẹ́ èyí àkọ́kọ́ sórí tábìlì, ó gé ẹsẹ̀ kan, ó wo etí rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ọkọ mi kì í dákẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Orin àwọn ọmọ ogun, tí kò yẹ kí etí obìnrin gbọ́, ló máa ń kọ láti àárọ̀ dé alẹ́. Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo lọ wò ó.

Òkè awọ náà pọ́n, ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ìlà funfun kan wà láàárín méjèèjì láti orí ìka dé gìgísẹ̀. A gé òmíràn. Funfun. A gé ìkẹta níbi ẹ̀yìn màlúù tó nípọn jù, ìlà ti ibẹ̀ tún fẹ̀ sí i. Awọ tútù ni àárín gbogbo rẹ̀. Kinna kùn ún níta ni, kò dé inú.

Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ọmọ ogun á fi irú bàtà yìí rìn títí, kò ní mọ̀. Bí omi bá kàn án, àárín yẹn á mu ún, á wú, á sì rà, ìṣó á wá máa yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí eyín arúgbó.

"Ká lọ sọ fún Kresko," ni mo wí.

"Ká lọ sọ kí ni?"

"Pé awọ ò jinná, Bàbá Vassu. Kí ló tún kù?"

"Á ní kí ló dé tí mo fi sọ pé kò burú. O rí ohun tí wọ́n ṣe fún oníbàtà tó wà níbí ṣáájú wa. Wọ́n nà án lẹ́nu ibodè, wọ́n sì lé e jáde sínú yìnyín, tòun tìyàwó. Níbo lo fẹ́ ká forí lé, pẹ̀lú orúnkún tèmi yìí?"

"Vassu wà lára àwọn tó ń lọ."

"Mo mọ̀ pé Vassu wà níbẹ̀!" Ó lu tábìlì débi pé ọ̀bẹ fò. "Ṣé èmi kọ́ ni bàbá rẹ̀ ni?"

Ó jókòó. Ó ní òjò lè má rọ̀. Níbí yìí! Nínú oṣù Ọ́kítóbà! Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, a sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ

Àwa méjèèjì la jọ pinnu rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọkọ mi ló fipá mú mi, irọ́ ló pa. Èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń po aró dúdú: ìṣó tó ti dípẹtà, wáìnì kíkan, kí a gbé e sẹ́bàá iná kó máa hó díẹ̀díẹ̀. Mo fi kun etí gbogbo ìsàlẹ̀ bàtà tí Messor gé. Bí dúdú yẹn bá ti kàn án, kò sí ojú tó lè rí ìlà funfun mọ́. Ọwọ́ mi dúdú dé ọrùn ọwọ́. Mo fi eérú fọ̀ ọ́, kò lọ.

Messor ń gé, mo ń rán, mo ń kàn án. Awọ mẹ́ta lórí ara wọn, ìṣó á gba ìsàlẹ̀ wọlé, ẹnu rẹ̀ á kan ẹsẹ̀ irin tí a gbé bàtà lé, á sì ká padà sínú awọ. Iṣẹ́ náà mọ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà

Wọ́n fún Vassu láyè wá jẹun nílé. Ó jẹ tirẹ̀, ó jẹ nínú tèmi, ó sì ń wo ti bàbá rẹ̀. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ wá kí n wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ bàbá mi ló gbé wáyé, ó fẹ̀ níwájú, àtàǹpàkò sì yà lọ́tọ̀ bí ẹni tó bá àwọn yòókù jà.

"Màmá, ẹ tún ń wọ̀n ọ́n? Ẹsẹ̀ tí mo ní lọ́dún tó kọjá náà nìyí."

"Gbé e sílẹ̀, jàre. Má jò."

"Àwọn tó ti lọ rí ní odò mẹ́ta ló wà lọ́nà. Wọ́n ní omi ibẹ̀ kì í kọjá orúnkún." Ó bu wàràkàṣì sẹ́nu. "Kí ló dé tí ojú yín rí báyẹn? Ẹ̀yin àti Bàbá tún jà ni?"

"Bàbá rẹ ló jẹ ẹran tí mo ní kó kù di ọ̀la."

"Irọ́ ni!" ni Messor kígbe láti inú yàrá. "Ẹran wo? Eegun ni mo bá níbẹ̀!"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí wàràkàṣì fi há a lọ́fun. Ó ń sọ nípa aṣọ òtútù tí wọ́n pín fún wọn, nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Mi ò gbọ́ ọ mọ́. Odò mẹ́ta ni mo ń gbọ́.

Nígbà tó ń lọ, ó fi ẹnu ko orí mi, ó ní mo ń rùn bíi wáìnì tó kan.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún

Messor lọ sílé ìwẹ̀. Mo fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn.

Bó ti wù kí ilé kan tálákà tó lẹ́yìn odi yìí, awọ kan wà ní ìpamọ́ níbẹ̀ fún bàtà tí tọkọtaya yóò wọ̀ wọ ilẹ̀ lọ. A ò gbọdọ̀ lọ láìní bàtà, ọ̀nà ọ̀hún jìn, ó sì ní ẹ̀gún. Tiwa jẹ́ awọ ẹ̀yìn akọ màlúù. Ọdún mẹ́ta ló lò nínú kòtò nígbà tí bàbá Kinna ṣì wà láyé. A kì í fọwọ́ kàn án àfi tí ẹnìkan bá kú nínú ilé. Alààyè kì í wọ̀ ọ́. Ìyá mi sọ fún mi, ìyá rẹ̀ ló sọ fún un.

Mo gé etí rẹ̀ wò. Ó pọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ìlà kankan. Mo sunkún nítorí pé ó dára.

Mo gé ẹsẹ̀ Vassu nínú rẹ̀, ọ̀tún kí n tó gé òsì, awọ mẹ́ta mẹ́ta. Ó gba gbogbo rẹ̀ tán, tèmi àti ti Messor. Mo rán an, mo kàn án, mo fi aró dúdú kun etí rẹ̀ kó má baà yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù òjò bà mí ju ẹ̀rù òkú lọ.

Ọjọ́ ọjà

Àwọn obìnrin òkè kò wá. Kò sí irun àgùntàn, kò sí bọ́tà, ìsọ̀ wọn ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Atrẹ́kta tó ń pọn ọtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ká apá lé àyà.

"Ìyá Vassu, ọdún mélòó la ti wà níbí?"

"Ó ti pẹ́."

"O ti rí i rí tí wọn ò wá ta bọ́tà?"

Mo ní bóyá màlúù wọn ló ń ṣàìsàn.

"Gbogbo màlúù wọn lẹ́ẹ̀kan náà? Ọjà tí obìnrin kò bá wá, ogun ló ń bọ̀ wá ná an." Ó tutọ́ sílẹ̀. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó bu ọtí fún mi, kò gba owó. Atrẹ́kta tí kì í fún ọmọ rẹ̀ ní ọtí láìgba owó! Ìyẹn dẹ́rù bà mí ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tó ṣáájú Ọ́kítóbà

Igbákejì Kresko wá yẹ bàtà wò. Ó mú ọ̀kan, ó ká a, ó fi ìka ta ìṣó, ó gbé etí rẹ̀ sún mọ́ ojú. Messor dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èmi ń gbálẹ̀ níbi tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀.

"Dúdú yìí rẹwà," ni ọkùnrin náà wí. "Ti àwọn oníbàtà yòókù kì í rí báyìí."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ni mo wí.

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ. Mo fi ọwọ́ ara mi fún Vassu ní tirẹ̀. A ti borí ohun tí a fẹ́ borí, kò sì sí ẹni tó lè jẹun nínú wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni Messor fa àpótí jáde láti fi owó tí wọ́n san pamọ́ sínú rẹ̀. Mo gbọ́ tí ìdérí rẹ̀ ṣí. N kò gbọ́ kó padé.

"Banna. Awọ wa dà?"

Mi ò parọ́ fún un. Mo ní ó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀.

Ojú rẹ̀ funfun. "Awọ òkú lo gbé wọ alààyè lẹ́sẹ̀? Ọmọ tí a ní kan ṣoṣo? Orí rẹ pé ṣá?"

"Awọ tó jinná ni mo gbé wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀! Èwo lẹ fẹ́, kó wọ ti Kinna?"

"Kó wọ ti Kinna bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀!"

"Ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ni mo bí!"

Mo gbọ́ ohùn ara mi, ojú sì tì mí, nítorí mo mọ ìyá púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn. Messor lọ jókòó sẹ́yìn ilé nínú òtútù. Ó fẹ́ lọ gba bàtà náà padà, àmọ́ ta ló fẹ́ sọ fún pé kí ni?

Ọjọ́ kìíní, oṣù Ọ́kítóbà

Wọ́n lọ. Oòrùn yọ, ilẹ̀ gbẹ. Ìró ìṣó wọn lórí òkúta gba gbogbo ẹ̀yìn odi kan, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé wọn. Vassu kò lè juwọ́ sí mi nínú ìlà, ṣùgbọ́n ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí n lè rí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀. Ọmọ burúkú. Messor dúró lẹ́yìn mi, ó di aṣọ mi mú.

Ọjọ́ kẹta

Oòrùn. Messor ti ń kọrin padà.

Ọjọ́ kẹrin

Ìkùukùu láti ìwọ̀-oòrùn. Wáìnì ti wọ́n. Mo ra ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀, ó ti fẹ́ bàjẹ́, mo fi iyọ̀ sí i.

Ọjọ́ karùn-ún

Òjò.

Ọjọ́ keje, ìyẹn Nónì

Òjò ò dá. Mo gbé agbọ̀n, mo ní mo fẹ́ lọ ṣa igi ìdáná, mo sì gba ọ̀nà àríwá. Ọmọ ogun tó wà lẹ́nu ibodè ní kí n má kọjá òkúta ibùsọ̀ àkọ́kọ́.

N kò tilẹ̀ ní láti dé òkúta náà. Ìṣó kan wà nínú ẹrẹ̀. Mo ṣa á. Òmíràn wà níwájú rẹ̀, méjì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò. Ọjọ́ tí wọ́n ń gba ibẹ̀ lọ, ilẹ̀ ṣì gbẹ, kò sì tíì ju kí ènìyàn sín lẹ́ẹ̀kan lọ tí wọ́n kúrò nílé. Mo mọ ìṣó náà nítorí èmi ni mo kàn án. Mo ń ṣa á lọ títí ọmọ ogun náà fi pè mí.

"Ìyá, ṣé igi nìyẹn?"

"Ojú rẹ ń dùn ọ́ ni? Igi ni."

Mo padà sílé, mo da á sórí tábìlì níwájú Messor. Ó wò ó, orin sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Kẹ̀kẹ́ ẹrù dé láti gúúsù. Oníkẹ̀kẹ́ ẹrù náà bọ́ sílẹ̀, ó ń na ẹ̀yìn, ó ní ọ̀nà kò dára, ó ní ta ni yóò fún òun lọ́tí. Awọ tó kó wá jinná dáadáa. Messor gé ọ̀kan, ó rí i pé ó pọ́n látòkè délẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu orí ara rẹ̀ mọ́ ògiri, díẹ̀díẹ̀, láìpariwo. Èmi ni mo fà á kúrò níbẹ̀.

A gé, a gé, a kò sùn. Ó ní òun yóò kó o sórí ìbaaka, òun yóò lé wọn bá, òun yóò máa kàn án fún wọn lójú ọ̀nà. Mo ní pẹ̀lú orúnkún wo. Ó ní pẹ̀lú orúnkún yìí.

Ọjọ́ kọkànlá

Wọ́n dá Messor padà lẹ́nu ibodè. Kò sí ẹni tó ń jáde sí àríwá mọ́, àṣẹ ọ̀gágun ni. Ó bẹ̀ wọ́n. Ó wá sọ òtítọ́ fún wọn, pé bàtà tí àwọn ọmọ ogun wọ̀ lọ kò dára, pé òun ló ṣe é, kí wọ́n nà òun bí wọ́n bá fẹ́ ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ìbaaka kọjá. Wọ́n rò pé ọtí Atrẹ́kta ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ lọ sùn, ọmọ yín á dé."

Ó ti wọ inú ibùsùn látìgbà náà. Orúnkún rẹ̀ wú, ó tóbi ju orí lọ. Mo fi ewé gbígbóná dì í.

Ìdì, oṣù Ọ́kítóbà

Èéfín lórí òkè àríwá lójú mọ́mọ́. Ibi mẹ́ta. Wọ́n ti ilẹ̀kùn odi, wọ́n sì ní kí àwa ará ẹ̀yìn odi kó omi sínú ilé.

Ọjọ́ kan lẹ́yìn Ìdì

Èéfín ti kú. Kò sí ìròyìn. Atrẹ́kta mú ọbẹ̀ wá, ó sì jókòó tì wá. Inú ń bí mi sí Kinna, inú ń bí mi sí Kresko, inú ń bí mi sí oníkẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń na ẹ̀yìn. Bí mo bá ti kà wọ́n tán, orí ara mi ni mo máa ń padà sí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí Nọ́fẹ́ńbà wọlé

Wọ́n dé lọ́sàn-án. Mi ò tilẹ̀ mọ̀. Inú ilé ni mo wà, mi ò sì gbọ́ ìró kankan lórí òkúta. Igbe àwọn obìnrin ni mo gbọ́, mo sáré jáde, mo rí wọn tí wọ́n ń kọjá bí òjìji. Aṣọ ni wọ́n fi di ẹsẹ̀, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní aṣọ. Ẹsẹ̀ wọn dúdú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ìka àwọn kan ti lọ. Orí ìbaaka ni Kresko wà.

Wọ́n pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló padà wá. Mo ń wo ojú, mo ń wo ojú. Ọ̀rẹ́ Vassu, èyí tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, rí mi, ó sì yí orí sí apá kejì. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ọmọ mi dà?"

"Màmá," ló wí, "balógun á wá bá yín."

Mo mọ̀ nígbà náà. Mo padà wọlé, mo sọ fún Messor. Kò ké. Ó ní kí n wá jókòó tì í, mo jókòó tì í.

Ọjọ́ kejì rẹ̀

Kresko wá. Lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi ọ̀pá rìn, aṣọ ni òun náà fi di ẹsẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Mo ní mo fẹ́ dúró.

Ó ní odò kìíní ni ìsàlẹ̀ bàtà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ní ìkejì, wọ́n ń fi okùn dì í. Nígbà tí wọ́n sọdá ìkẹta, ẹsẹ̀ lásán ni àwọn tó pọ̀ jù fi dúró lórí yìnyín. Mo ń dúró kó bi mí léèrè. Mo ti ṣe tán láti dá a lóhùn.

"Mi ò dá ẹ̀yin àti ọkọ yín lẹ́bi," ló wí. "Ẹrẹ̀ ibẹ̀ kò mọ bàtà olówó, kò mọ ti tálákà. Ẹgbẹ́ ogun tó ti kọjá níbẹ̀ ṣáájú wa, bàtà tiwọn náà wà nínú odò, mo fojú rí i."

Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

"Àwọn èèyàn wa tó wà nínú odi kékeré lórí òkè dá iná pé àwọn ará òkè ti ká àwọn mọ́. Ó yẹ kí n rán èèyàn gun òkè lọ bá wọn, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ta ni mo fẹ́ rán? Mo ní kí gbogbo wọn tò, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè fún mi. Mo ń wo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ra ẹṣin. Àwọn díẹ̀ ní bàtà àtijọ́ nínú ẹrù wọn, mo ní kí wọ́n wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ti Vassu, Ìyá Vassu! Ìṣó kan ò yọ níbẹ̀. Bí ẹni pé àná lẹ kàn án. Mo ní, 'Ìwọ, bọ́ síwájú, ìwọ lo máa darí wọn.'"

"Kí ló wí?"

"Inú rẹ̀ dùn. Ó ń fi ẹsẹ̀ náà han àwọn yòókù, ó ní ìyá òun ló ṣe é."

Mo di etí tábìlì mú.

"Kò sí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú àwọn tó gun òkè," ni Kresko wí. "Àwọn tí kò ní bàtà ni mo fi sílẹ̀ létí odò kí wọ́n máa ṣọ́ ẹrù. Àwọn ló kù tí ẹ rí yẹn."

Ó dìde. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ọwọ́ náà wúwo, ṣùgbọ́n ó rọra gbé e. Ó ní òun ti ròyìn iṣẹ́ ọwọ́ mi fún ọ̀gágun, pé òun kò rí irú bàtà bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀gágun ní nígbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀ wọn yóò tún lọ. Ó ní kí n ṣe ti gbogbo wọn bí mo ṣe ṣe ti Vassu.

Lẹ́yìn tó lọ, Messor pè mí láti orí ibùsùn. Ó ní kí ni balógun wí nípa bàtà. Mo ní ó ní ti Vassu nìkan ni kò já.

Ó pa ojú dé. Ó ní, "Ọpẹ́ ni. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ò tutù."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.